Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Lọ́yà Ọ̀fẹ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn

Àwọn lẹ́tà tí a mú lọ́tẹ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: ẹnì kan mọ òfin ìlera, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, apòògùn tàbí dókítà sì ní kó wá máa tọ́ àwọn sọ́nà láìgba owó. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì ti yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́yà ni mí, ilé ìwòsàn kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹ̀bí ní kí n wá máa gba àwọn nímọ̀ràn lórí òfin, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Ààrẹ wọn ní kò sí ohun tí a fẹ́ kọ sílẹ̀, pé ara kan náà ni wá. Ṣé kí n gbà?

Ẹ lè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan kí lẹ́tà tó wà nílẹ̀. Ààrẹ tó ń sọ pé ara kan náà ni yín yìí, sáà rẹ̀ máa parí, ẹni tó bá gorí àga lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní mọ ohun tí ẹ jọ sọ. Ojú ewé kan àbọ̀ ti tó fún lẹ́tà náà.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni oníbàárà yín. Kì í ṣe ààrẹ, kì í ṣe akápò, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kankan. Ìlànà 1.13 tí American Bar Association, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ní Amẹ́ríkà, kọ fún àwọn lọ́yà sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: lọ́yà tí àjọ kan bá gbà, àjọ yẹn ló ń ṣojú fún, nípasẹ̀ àwọn tó láṣẹ láti sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀. Gbogbo ohun tí a máa sọ nísàlẹ̀, orí kókó yìí ló dúró lé.

Ẹ wá dárúkọ ipò ẹni méjì péré tó lè gbé iṣẹ́ fún yín, bí ààrẹ àti akọ̀wé àgbà. Láìsí èyí, gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ni yóò máa pè yín. Èyí tó burú jù ni kí ẹni méjì tí wọn ò rẹ́ béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ yín, kí wọ́n sì máa fi èsì yín bá ara wọn jà. Ẹ kọ iye wákàtí tí ẹ lè fi sílẹ̀ lóṣù (4 sí 6 ni ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ lè mú dúró), iye ọjọ́ tí àyẹ̀wò ìwé máa gbà, sáà ọdún kan tó ṣeé tún ṣe, àti ìkìlọ̀ ọjọ́ 30 bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fòpin sí i. Nípa iṣẹ́ gan-an, ẹ jẹ́ kí ibi tí ẹ kọ ohun tí ẹ kò ní ṣe sí gùn ju ibi tí ẹ kọ ohun tí ẹ máa ṣe sí lọ. Ẹ lè ṣàyẹ̀wò àbá òfin, ìlànà ìwà ẹgbẹ́, àti ìwé ìtọ́sọ́nà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ kò ní lọ sílé ẹjọ́, ẹ kò ní gba ẹjọ́ ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kò ní dá sí ọ̀rọ̀ owó orí tàbí ilé tí ẹgbẹ́ fẹ́ rà. Ibi tí ẹ kò bá kọ ni wọ́n máa gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ tiyín tún ní ẹ̀gún kan nínú. Ilé ìwòsàn tó ń sanwó fún yín ń gba àwọn agbẹ̀bí síṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ bá àwọn ilé ìwòsàn fa ọ̀rọ̀ owó oṣù tàbí iye aláboyún tí agbẹ̀bí kan lè tọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, ìhà wo lẹ máa wà? Nítorí náà, ẹ gba ìyọ̀ǹda ilé ìwòsàn ní ìwé, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà ẹgbẹ́ pé gbogbo ohun tó bá kan ilé ìwòsàn yẹn, ẹ máa dìde kúrò níbẹ̀, ẹ kò sì ní ka ìwé tó bá jẹ mọ́ ọn.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ wá jókòó nínú ìgbìmọ̀ kí ẹ sì máa dìbò, ẹ kọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ lọ́yà ẹgbẹ́ tí ẹ tún jẹ́ olùdìbò, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó jẹ́ ìmọ̀ràn òfin nínú ọ̀rọ̀ yín àti èyí tó jẹ́ èrò ọmọ ìgbìmọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ àṣírí tó wà láàárín lọ́yà àti oníbàárà, èyí tí kì í jẹ́ kí wọ́n fipá gba ìmọ̀ràn òfin jáde ní kóòtù, ti máa ń bọ́ sọnù.

Ọ̀fẹ́ ni mo ń ṣe é. Ẹni tí kò sanwó, kí ló fẹ́ tìtorí rẹ̀ pè mí lẹ́jọ́?

Ó lè pè yín dáadáa. Ní 1963, ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà sọ nínú ẹjọ́ Hedley Byrne, tí wọ́n fi pe báńkì kan, pé ẹni tó bá fi ìmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ gbani nímọ̀ràn, tó sì mọ̀ pé wọ́n máa gbára lé e, lè jẹ̀bi àìkíyèsára bí kò tilẹ̀ sí àdéhùn tàbí owó láàárín wọn. Ohun tó yọ báńkì tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ni pé ó ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ pé òun kò ru ẹrù ọ̀rọ̀ náà.

Èyí tó kan òfin ìlera gan-an ni ẹjọ́ Togstad, tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Minnesota, Amẹ́ríkà, dá ní 1980. Ọkùnrin kan lọ sílé ìwòsàn ní 1971 nítorí orí fífọ́. Wọ́n fi ohun ìdè sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀, ó sì di ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, apá ọ̀tún rẹ̀ kú. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 14, ìyàwó rẹ̀ lọ bá lọ́yà kan. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Lọ́yà ní lójú tòun, kò jọ pé ẹjọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun máa bi alábàáṣiṣẹ́ òun. Kò gba owó, kò sì pe obìnrin náà padà. Kò sọ fún un pé ọdún méjì péré ni òfin fún un láti pẹjọ́, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́wàá ṣì kù nílẹ̀. Obìnrin náà gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, àkókò sì lọ. Ilé ẹjọ́ ní ìmọ̀ràn ni lọ́yà yẹn fún un, oníbàárà rẹ̀ sì ni obìnrin náà. Owó tí àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ dá fún tọkọtaya náà jẹ́ $649,500.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe pé lọ́yà náà ṣe iṣẹ́ burúkú. Kò mọ̀ pé òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá ni. Ewu olùyọ̀ǹda-ara-ẹni gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń gba owó máa ń mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn òfin kan wà tó ń dáàbò bo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní 1997, ṣùgbọ́n ẹ kà á dópin kí ẹ tó fọkàn balẹ̀. Kò bo àìkíyèsára tó burú jáì, ó béèrè pé kí ẹ ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ níbi tí iṣẹ́ náà bá ti gba ìwé àṣẹ, kò sì dí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ láti pè yín lẹ́jọ́. Ẹgbẹ́ tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni mo wí o!

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ adójútòfò fi ṣe pàtàkì. Wọ́n máa sọ fún yín pé ẹgbẹ́ ní ìwé adójútòfò. Ẹ ní kí wọ́n gbé e wá. Èyí tó sábà máa ń wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni èyí tó ń bo àwọn olóyè lórí ìpinnu ìṣàkóso, ó sì sábà máa ń yọ iṣẹ́ ìmọ̀ bí ìmọ̀ràn òfin kúrò. Èyí tí ẹ̀yin nílò ni ti àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́ ìmọ̀. Tí ibi iṣẹ́ yín bá ní i, iṣẹ́ tibẹ̀ nìkan ló ń bò. Ẹ béèrè ní ìwé bóyá ó dé ọ̀dọ̀ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ níta. Ẹ tún wo irú èyí tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wo ọjọ́ tí ẹ gbani nímọ̀ràn, ọjọ́ tí ẹ̀sùn dé ni wọ́n ń wò. Tí ẹ bá fúnni nímọ̀ràn lọ́dún yìí, tí ẹ jẹ́ kí ìwé náà kú lọ́dún tó ń bọ̀, tí ẹ̀sùn wá dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin nìkan lẹ kù síta. Ẹ ra àfikún tó ń bo ẹ̀yìn ọjọ́ nígbà tí ẹ bá ń kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kó wà nínú lẹ́tà pé ẹgbẹ́ ló máa san án.

Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde orúkọ mi, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò jẹ́ kí n sùn lórí WhatsApp. "Aláìsàn ní òun máa pè mí lẹ́jọ́, kí ni kí n kọ?" Àgbà ni àwọn kan nínú wọn, mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo ń rí wọn fín.

Ẹ kí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ dá wọn dúró kí wọ́n tó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Tí ẹ bá ti gbọ́ àlàyé, ó ti pẹ́ jù. Ẹ fi irú ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù yín, kí ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀ láìyí i padà:

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì pẹ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ orúkọ aláìsàn tàbí ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ẹgbẹ́ ni mò ń ṣiṣẹ́ fún, mi ò lè jẹ́ lọ́yà yín lórí èyí. Ẹ pe iléeṣẹ́ adójútòfò yín lónìí, kí ẹ sì tètè wá lọ́yà tiyín, nítorí òfin ní gbèdéke àkókò. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun nínú fáìlì aláìsàn náà."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń gba àwọn èèyàn là jù. Ẹ̀rù á ba dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, á wọ inú fáìlì lọ láti "tún un ṣe". Fáìlì orí kọ̀ǹpútà ní àkọsílẹ̀ tó ń fi ẹni tó ṣí i, wákàtí tó ṣí i àti ohun tó yí padà hàn. Lọ́yà aláìsàn sì máa béèrè fún un. Ẹjọ́ tó ṣeé gbèjà di èyí tí kò ṣeé gbèjà mọ́ nìyẹn. Tí ohun kan bá ṣẹ́ kù tó yẹ ní kíkọ, kí ó wọlé gẹ́gẹ́ bí àfikún, pẹ̀lú déètì àti wákàtí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ gan-an, lẹ́yìn tí lọ́yà wọn bá ti fọwọ́ sí i.

Ìdí mìíràn wà tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ gbọ́ àlàyé. Aláìsàn yẹn lè kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìbáwí ẹgbẹ́ lọ́la, ìgbìmọ̀ á sì pè yín. Ẹ ti gbọ́ àṣírí ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kò lè sọ ọ́, ẹ kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Ẹ máa ní láti fi ìhà méjèèjì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ẹni tó ń fẹ̀sùn kan ọmọ ẹgbẹ́ kan jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ bíi tirẹ̀.

Nígbà tí a ti dárúkọ ìgbìmọ̀ ìbáwí: lọ́yà tó bá wọn kọ ẹ̀sùn kò gbọ́dọ̀ tún bá àwọn tó ń dá ẹjọ́ náà wọlé nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò ìdájọ́. Ẹgbẹ́ kéékèèké máa ń ṣe èyí nítorí lọ́yà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ilé ẹjọ́ lè wọ́gi lé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀sùn náà tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹ ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn fún ọ̀kan nínú méjèèjì.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín ni mí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń fi owó pọ́ọ́kú gba aláìsàn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ fẹ́ tẹ iye tó kéré jù tí ẹnikẹ́ni lè gbà jáde. Lọ́yà ọ̀fẹ́ wa kọ̀ jálẹ̀. Ṣé kì í ṣe ojo lásán nìyẹn?

Rárá. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú òfin ìdíje ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ jẹ́ àkójọ àwọn tó ń bá ara wọn díje. Tí wọ́n bá jọ fẹnu kò lórí iye owó, wọ́n ti pa òfin, bí wọ́n tilẹ̀ pè é ní ọ̀rọ̀ iyì iṣẹ́. Ní 1975, nínú ẹjọ́ Goldfarb, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ètò owó tó kéré jù tí àwọn lọ́yà fúnra wọn fi lélẹ̀ lòdì sí òfin. Àwọn dókítà kan ní Arizona gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n ní iye tó ga jù làwọn fi lélẹ̀, láti gba aláìsàn lọ́wọ́ owó gọbọi. Ilé ẹjọ́ ní 1982 sọ pé ìyẹn náà kò bófin mu. Àwọn dókítà eyín gan-an ni ti 2015: ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ eyín ní North Carolina, tí dókítà eyín pọ̀ jù nínú rẹ̀, kọ lẹ́tà tó tó 47, ó kéré tán, láti dá àwọn tí kì í ṣe dókítà dúró pé kí wọ́n yé fọ eyín funfun fún èèyàn. Ìgbìmọ̀ ìjọba ni wọ́n, síbẹ̀ òfin ìdíje mú wọn, torí pé ìjọba kò bójú tó ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ohun tí lọ́yà yín lè bá yín ṣe ni pé kó máa ka ìlànà ìpàdé kí ẹ tó pín in, kó sì jókòó síbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ owó bá lè jẹ jáde. Tí ó bá jẹ jáde, kó sọ pé "ẹ dákẹ́ lórí èyí", kí akọ̀wé, ìyẹn ẹ̀yin, kọ wákàtí àti àtakò náà sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Tí wọn ò bá dákẹ́, kó dìde jáde, kí ẹ kọ ìyẹn náà. Ẹ má gbàgbé pé ohun tí wọ́n sọ nídìí oúnjẹ lẹ́yìn ìpàdé àti lórí WhatsApp náà ń jẹ́ ẹ̀rí.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé ẹ lè kó iye owó jọ, bó bá ṣáà ti ju oṣù mẹ́ta lọ, tó wá láti ọ̀dọ̀ èèyàn márùn-ún ó kéré tán, tí ẹnì kankan nínú wọn kò sì kó ju ìdá 25 nínú 100 lọ. Ìlànà Amẹ́ríkà ti 1996 ni, wọ́n sì ti fà á padà ní 2023. Àwọn èèyàn ṣì ń kà á bí ẹni pé ó wà láàyè.

Ẹgbẹ́ wa fẹ́ kí n kọ fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á máa fi gba ìyọ̀ǹda aláìsàn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Báwo ni kí n ṣe é?

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé fọ́ọ̀mù kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹ̀rí pé wọ́n bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ló jẹ́. Láti 1957, ìlànà Bolam nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kó tó pé kí dókítà ṣe ohun tí àwọn dókítà mìíràn tó mọṣẹ́ máa ṣe. Ní 2015, ẹjọ́ Montgomery yọ ọ̀rọ̀ ewu tó yẹ kí a sọ fún aláìsàn kúrò lábẹ́ ìlànà yẹn. Aláboyún kan tó ní àtọ̀gbẹ, tí kò ga, ń bẹ̀rù pé ọmọ òun tóbi. Ewu pé èjìká ọmọ máa há jẹ́ bí ìdá 9 sí 10 nínú 100. Dókítà kò sọ fún un, torí ó gbà pé tí wọ́n bá ń sọ ọ́, ọ̀pọ̀ obìnrin á ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn. Èjìká há, ọmọ sì fara gbà á títí ayé. Ilé ẹjọ́ ní ohun tí aláìsàn yẹn gan-an máa kà sí pàtàkì ni dókítà gbọ́dọ̀ sọ.

Fọ́ọ̀mù tí gbogbo ewu ti wà lórí rẹ̀ ní títẹ̀ kò lè ṣe ìyẹn. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ tí dókítà á fi ọwọ́ kọ ewu tó kan aláìsàn yìí, ohun tí aláìsàn béèrè, àti ọ̀nà mìíràn tó wà, títí kan kí wọ́n má ṣe nǹkan kan. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀dà, déètì àti ọjọ́ àtúnyẹ̀wò sísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ orílẹ̀-èdè tí ó wà fún. Lọ́jọ́ tí ẹ̀dà tuntun bá jáde, kí ẹgbẹ́ kéde pé ti àtijọ́ ti kú, nítorí pé wọ́n lè gbé ìwé tí ẹgbẹ́ bá tẹ̀ jáde síwájú adájọ́ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n iṣẹ́ tó dára. Ohunkóhun tí ẹ bá kọ pé dókítà gbọ́dọ̀ ṣe, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì bóyá ọmọ ẹgbẹ́ tó wà níbi tí irinṣẹ́ kò tó lè ṣe é. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ̀yin lẹ fi pàṣán lé aláìsàn lọ́wọ́ yẹn.

À ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ gidi kọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Orúkọ la máa ń yọ. Ṣé ó tó?

Kò tó. Òfin HIPAA ti Amẹ́ríkà, tó ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn, ka oríṣi ohun 18 tí a gbọ́dọ̀ yọ, bí a bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn: lára wọn ni gbogbo déètì àyàfi ọdún, ọjọ́ orí tó bá ju 89 lọ, nọ́ńbà fáìlì, nọ́ńbà ẹ̀rọ tí wọ́n fi sínú ara, àti fọ́tò ojú. Ibi tó máa ń bàjẹ́ jù ni àwòrán. Orúkọ àti déètì máa ń wà lára àwòrán X-ray gan-an. Ẹni tó gé e kúrò nínú ìwé ìfihàn orí kọ̀ǹpútà lè má mọ̀ pé odindi àwòrán ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè dá a padà. Kí wọ́n gé e níta, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí àwòrán tuntun, kí wọ́n tó fi sí i. Bí àṣírí bá jáde níbi tí òfin GDPR ti Yúróòpù, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn, dé, wákàtí 72 ni òfin fún ẹgbẹ́ láti fi tó aláṣẹ létí, àyàfi bí kò bá jọ pé ewu lè ti ibẹ̀ jáde fún ẹnikẹ́ni. Ìwé ìkìlọ̀ náà kì í ṣe ohun tí a ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lọ́jọ́ yẹn.

Dókítà ni mí, mo ní oyè kejì nínú òfin ìlera, ṣùgbọ́n n kò gba àṣẹ iṣẹ́ lọ́yà. Ṣé mo lè ṣe é?

Ẹ lè gba ẹgbẹ́ nímọ̀ràn lórí ètò àti àbá òfin, ẹ má kàn pe ara yín ní lọ́yà, ẹ má sì fọwọ́ sí èrò òfin. Ohun tí ẹgbẹ́ máa pàdánù ni àṣírí. Ní 2013, nínú ẹjọ́ Prudential, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹ̀tọ́ àṣírí ìmọ̀ràn òfin kò dé ọ̀dọ̀ oníṣirò owó tó ń sọ òfin owó orí, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Tí ọ̀rọ̀ bá le, kí ẹgbẹ́ wá lọ́yà, kí ẹ̀yin sì máa tò fún un ohun tí ilé ìwòsàn ń ṣe gan-an.

Mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ṣé kí n kàn kọ̀wé?

Ẹ kọ̀wé, ṣùgbọ́n kí ojú ewé kan tẹ̀ lé e tó ka gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ àti gbèdéke ọ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá ọjọ́ tí ìjọba fẹ́ gba èsì lórí àbá òfin. Ẹ dá ìwé ẹgbẹ́ padà, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìmọ̀ràn yín níwọ̀n ọdún tí òfin ibẹ̀ fi gba ẹ̀sùn láàyè. Ẹ jáde kúrò nínú gbogbo ojúlé WhatsApp ẹgbẹ́. Kí wọ́n sì yọ orúkọ yín kúrò lórí bébà lẹ́tà wọn kíákíá, torí pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá rí i níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ṣì máa kọ̀wé sí yín, yóò sì máa retí èsì.